Orin Fíìmù Tí Mo Lọ Bá ní Kùmásì

Ẹ̀yin ará ilé tí ẹ ń dá mi dúró lójú títì láti ọjọ́ tí mo ti dé, tí ẹ ń kí mi káàbọ̀ tí ojú yín sì ń wá ẹlòmíràn lẹ́yìn mi, mo ti rí yín. Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ bi mí. Ó ti sú mi láti máa sọ ọ́ ní ìdajì-ìdajì lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, nítorí náà ẹ jókòó kí ẹ gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọmọ mi kan ṣoṣo, Táyọ̀, ni mo wá lọ sí Kùmásì. Ó ti pẹ́ tó ti wà níbẹ̀. Ó ní òun ń bá àwọn kan ṣiṣẹ́ orin. Bí mo bá bi í pé irú iṣẹ́ orin wo, yóò ní, "Mọ́mì, tí ẹ bá rí i ló máa yé yín." Bí mo bá ní kó jẹ́ kí n rí ojú rẹ̀ lórí fóònù, yóò ní òun wà nínú yàrá tí wọn kì í ti í sọ̀rọ̀. Irú yàrá wo ni wọn kì í ti í sọ̀rọ̀? Ẹ̀yin náà mọ ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ nípa àwọn ọmọ wa tó ń kó ara wọn jọ sínú ilé kan ní Gánà, tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí, tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà lu ọmọ ọlọ́mọ ní jìbìtì. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ sí mi lójú. Ṣùgbọ́n tí mo bá dé àárín àwọn obìnrin lọ́jà, ọ̀rọ̀ á ṣàdédé yí padà sí ọ̀rọ̀ òjò.

Bàbá Rẹ̀mí, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ni kò fi tirẹ̀ pamọ́. Òun ló ti ń ṣe bàbá fún Táyọ̀ láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú. Ó ti bá a wá iṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan nílùú wa níbí, wọ́n sì ń dúró dè é. Ó pè mí jókòó, ó ní, "Ìyàwó, lọ mú un wá. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ tó mọ́ ló ń ṣe, kí ló ń fi pa mọ́? Tó o bá dé láìmú un bọ̀, kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ ọmọ náà sí mi létí mọ́." Mo lọ sílé, mo di ẹrù.

Lójú ọ̀nà

N ò ní fi ọ̀rọ̀ bọ́dà dá yín lágara. Ẹni tó ti rìn ín mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò tíì rìn ín, kó lọ rìn ín. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé ọkọ̀ wa ní tẹlifíṣọ̀n níwájú, fíìmù kan ò ní tíì tán tí wọ́n á ti fi òmíràn sí i. Ariwo rẹ̀ ń gún mi lórí. Mo dìde nígbà tó yá, mo lọ bẹ awakọ̀ pé kó bá mi dín in kù.

Obìnrin ará Gánà kan tó wọ aṣọ ọ̀fọ̀, tó jókòó tì mí, yíjú sí mi. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ṣé n ò fẹ́ràn orin ni.

Ìbéèrè yẹn bá mi lójijì. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ mí tipẹ́ lè dáhùn fún mi. Ṣebí èmi ni mò ń kọrin sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ títí àwọn oníbàárà á fi gbàgbé pé aṣọ ni wọ́n wá gbà? Ṣebí torí rédíò ni mo ṣe ń pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù? Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Táyọ̀ ti lọ, orin ti di ohun tí kì í jẹ́ kí n gbọ́ fóònù. Mo pa rédíò. Tí aládùúgbò bá gbé tirẹ̀ sókè, mà á lọ bẹ̀ ẹ́. Bí mo ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀, orin kúrò lára mi díẹ̀díẹ̀, ó wá di ariwo bí ariwo jẹnẹrétọ̀, n ò sì mọ ọjọ́ tó lọ gan-an. Mo sọ fún obìnrin náà pé orí ló ń fọ́ mi. Ó ní, "Sorry, Mama," ó sì na ọwọ́ sínú báàgì rẹ̀, ó fún mi ní búrẹ́dì.

Dichemso

Ìrọ̀lẹ́ la wọ Asafo ní Kùmásì. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń já èrò, ọjà sì yí i ká, àwọn obìnrin ń gbé agbada ẹja gba àárín ọkọ̀ kọjá bí ẹni pé ọkọ̀ ò lè pa wọ́n. Mo di báàgì mi mú ṣinṣin. Gbogbo ẹni tó sún mọ́ mi ni mo rò pé ó fẹ́ jà mí lólè, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà ni wọ́n fẹ́ fi hàn mí. Àwọn èèyàn náà lẹ́bẹ̀ lẹ́nu jù. "Mepa wo kyɛw" ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ohun gbogbo, ìyẹn ni pé mo bẹ̀ ọ́. Ọkùnrin kan tiẹ̀ kọ́kọ́ bẹ̀ mí dáadáa kó tó sọ fún mi pé òun ò mọ ibi tí mò ń lọ.

Ọ̀dọ̀ Alhaja Sàfúrà ni mo dé sí, ní Dichemso. Bàbá àgbà kan náà ló bí ìyá rẹ̀ àti ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n Kùmásì ni wọ́n bí òun sí, ibẹ̀ ló ti ń ta abọ́ tánganran títí ó fi dàgbà. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó gbá mi mọ́ra.

"Akwaaba! Àbúrò mi, káàbọ̀. Alhamdulillah! Ó ti rẹ̀ ọ́ paa, mo rí i lójú ẹ. Wá jókòó, mu omi ná."

Mo mu omi. N ò tíì gbé ife sílẹ̀ tí mo fi bi í léèrè Táyọ̀.

Alhaja fa ìbòrí rẹ̀ síwájú. "To. Ó máa ń wá kí mi. Ọmọ dáadáa ni, ó máa ń dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Mo lọ sílé wọn ní Santasi lẹ́ẹ̀kan. Wallahi, wọ́n fi fóòmù bẹ́ẹ̀dì dí fèrèsé, ọ̀sán gangan o! Mo kanlẹ̀kùn, kanlẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó dáhùn, bẹ́ẹ̀ mò ń rí bàtà wọn níta. Mo ní adɛn? Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀?"

Mo gbé ife náà sílẹ̀, mo fẹ́ dìde. Ó rí i, ó sì fẹ́ kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà sẹ́nu. "Má ronú. Yɛbɛhwɛ, a máa lọ wò ó lọ́la, insha Allahu. Jẹun."

Fùfú ló gbé fún mi. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ń gún tiwọn, ọbẹ̀ wọn sì ṣàn bí omi, débi pé fùfú náà ń lúwẹ̀ẹ́ nínú abọ́. Lọ́jọ́ mìíràn ǹ bá fi Alhaja ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa. Lọ́jọ́ yẹn, fóòmù tí wọ́n fi dí fèrèsé ni mò ń rí nínú ọbẹ̀. N ò lè jẹ ìdajì rẹ̀.

Omi tí n ò mu

Ilé tí Táyọ̀ ń gbé ní Santasi wà lẹ́yìn ibi tí àwọn kan ti ń ṣe ilẹ̀kùn irin. Ìyá arúgbó kan tó ń jẹ́ Maame Akosua ló nilé. Alhaja ní kí n máa wọlé lọ, òun fẹ́ bá awakọ̀ tákísì yanjú ọ̀rọ̀. Èmi nìkan wá ni mo bọ́ sí àgbàlá. Mo rí fèrèsé náà. Bí Alhaja ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ló rí.

Ìyá náà fún mi ní àga. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó wọlé, ó bu omi sí ife, ó fi àwo pẹlẹbẹ gbé e, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: n kì í mu omi nílé ẹni tí mi ò mọ̀, ìyá mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ènìyàn lè ní "ẹ ṣé, òùngbẹ ò gbẹ mí", kò sí ìjà níbẹ̀. Mo mi orí. Mo dìde dúró, mo ní, "Táyọ̀ dà? Ọmọ mi dà?"

Ojú ìyá náà yí padà. Ó gbé ife sílẹ̀. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó wá gbé ọwọ́ lé orí. "Ei! Ɛnyɛ bɔkɔɔ!" Ó sì figbe ta sí yàrá tí wọ́n fi fóòmù dí. "Kwasi! Kwasi Alata ee! Wo maame aba! Bra ntɛm!"

Kwasi Alata ni wọ́n ń pe ọmọ mi níbẹ̀, Alata ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá. Mo rò pé ó ń kìlọ̀ fún un pé kó sá ni, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń sọ ni pé ìyá rẹ̀ ti dé, kó wá kíákíá. Mo ti ń wo ibi tí ẹ̀yìnkùlé wọn wà.

Ilẹ̀kùn ṣí gbàà. Táyọ̀ jáde láìwọ bàtà, òógùn bò ó, íyàfóònù ńlá wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ti rù. Ó rí mi, ó rí ìyá arúgbó tó gbé ọwọ́ lé orí, ó sì kúnlẹ̀. Orí eékún ló fi rìn dé ọ̀dọ̀ mi.

"Mọ́mì, ta ló kú? Ṣé Bàbá Rẹ̀mí ni? Ẹ sọ fún mi! Ṣé Bàbá Rẹ̀mí ni?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

"Ẹ má fi pa mọ́ fún mi, Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́!"

"Táyọ̀, mo ní kò sẹ́ni tó kú!"

Ìgbà yẹn ni Alhaja wọlé, tó bá gbogbo wa níbi tí à ń pariwo sí. Ó wo ife omi tó wà nílẹ̀, ó yé e lójú ẹsẹ̀. "Haba, Ìyá Táyọ̀! O ò mu omi? Àwọn Asante, tí àlejò bá dé, wọ́n á fún un lómi, á mu, á sinmi, wọ́n á wá bi í pé kí ló gbé e wá. Òun náà á ní bɔkɔɔ, àlàáfíà ni. Ìwọ wá kọ omi, o dìde dúró, ò ń bèèrè ọmọ ẹ! Ìròyìn òkú lo gbé wá nìyẹn, lójú tiwọn."

Ojú tì mí débi pé n ò mọ ibi tí mo lè gbé e sí. Maame Akosua ò bínú. Ó tún omi mìíràn bù. Mo jókòó, mo mu ún tán, kó tó gba ife lọ́wọ́ mi. Ó wá jókòó dáadáa, ó tún aṣọ rẹ̀ ró, ó sì bi mí pé kí ló gbé mi wá, bí ẹni pé ìṣẹ́jú yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Alhaja ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Mo ní bɔkɔɔ. Irọ́ ni mo pa. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, ṣùgbọ́n ohun kan ti wọlé sí mi lára: Bàbá Rẹ̀mí tó fẹ́ lé Táyọ̀ kúrò nílé ni Táyọ̀ ń sunkún pé kó má kú.

Inú yàrá náà

Yàrá náà gbóná bí ẹnu ààrò. Wọ́n fi fóòmù bo ògiri, wọ́n sì pa fáànù nítorí ohùn rẹ̀. Kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀ lóòótọ́, òun ni mo sì kọ́kọ́ rí. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ama dúró níwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Bàbá arúgbó kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé ohun èlò olókùn kékeré kan lé itan, ó ń fi àtàǹpàkò méjèèjì ta á. Sɛprɛwa ni wọ́n ń pè é. Mo wo bàbá náà, ọkàn mi fúyẹ́ díẹ̀: ta ló ń mú arúgbó báyìí ṣe jìbìtì? Kò pẹ́ tí ọkàn mi tún fi dá mi lóhùn pé bóyá wọ́n ti tan òun náà jẹ ni.

"Orin fíìmù là ń ṣe, Mọ́mì," ni Táyọ̀ wí. "Tí wọ́n bá ya fíìmù tán, àwa la máa ń wá orin tó máa wà lábẹ́ rẹ̀."

"Kí ló dé tó ò sọ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ yìí?"

"Kí n wá sọ kí ni fún Bàbá Rẹ̀mí? Pé mò ń ṣe orin tí ènìyàn kì í mọ̀ pé òun ń gbọ́?"

Ó bọ́ íyàfóònù lọ́rùn, ó fi bò mí létí, ó tẹ nǹkan. Orin bẹ̀rẹ̀. Mi ò lè sọ fún yín bó ṣe rí, nítorí mi ò gbọ́ ọ. Ó ń dún létí mi o, ṣùgbọ́n ojú ọmọ mi ni mò ń wò, irọ́ ni mò ń wá níbẹ̀. Nígbà tó tán, mo ní, "Ó dára."

"Ẹ ò gbọ́ ọ, Mọ́mì."

Mo bọ́ íyàfóònù náà fún un. Ó jókòó tì mí. Ó ní wọ́n máa fi fíìmù náà han àwọn ará àdúgbò ní Sátidé, ní gbọ̀ngàn ilé ìwé kan tí kò jìnnà. "Ẹ dúró wò ó. Tí ẹ bá wò ó tán, tí ẹ bá ní ká máa lọ sílé, mà á di ẹrù mi. Mi ò ní bá yín jiyàn."

Kí Sátidé tó dé, mi ò ní ìsinmi. Láràárọ̀ ni Alhaja ń gbé ògì wá, pẹ̀lú àkàrà tí wọ́n ń pè ní kóóse, mo sì ń jẹ ẹ́ láìmọ adùn rẹ̀. Bàbá Rẹ̀mí pè, ó ní ọjọ́ wo là ń bọ̀. Mo ní láìpẹ́. Mo ti ṣírò rẹ̀ lọ́kàn: mà á mú un lọ. Bí orin náà bá dára, kó máa ṣe é nílé lẹ́yìn iṣẹ́ ọ́fíìsì. Ó dàbí ọ̀rọ̀ ọgbọ́n lójú mi nígbà náà.

Gbọ̀ngàn

Wọ́n ta aṣọ funfun sí ara ògiri, wọ́n to àga rọ́bà. Mo jókòó láàrin Alhaja àti Maame Akosua, Táyọ̀ sì dúró sẹ́yìn nídìí ẹ̀rọ. Àwọn ará Kùmásì kì í wo fíìmù ní jẹ́ẹ́. Wọ́n ń bá a jà, wọ́n ń gbà á nímọ̀ràn, obìnrin kan tiẹ̀ dìde bú ọ̀kan nínú àwọn tó wà nínú fíìmù náà.

Ìtàn àgbẹ̀ kòkó kan ni, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ta oko rẹ̀ láìsọ fún un. Alhaja kọ́kọ́ ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi, ṣùgbọ́n nígbà tó dùn mọ́ ọn, ó gbàgbé mi. Mi ò gbọ́ Twi, èdè wọn. Ọ̀rọ̀ wọn ń kọjá lórí mi, kò sì sí nǹkan mìíràn tí mo lè dì mú àyàfi orin tó wà lábẹ́ rẹ̀. Mo dì í mú. Òun ló ń sọ fún mi ìgbà tí àkọ́bí bàbá náà ń parọ́. Òun ló sọ fún mi pé bàbá ti mọ̀, kí ojú rẹ̀ tó yí padà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dúró dè é.

Nígbà tó yá, bàbá àgbẹ̀ náà gbéra láti ìlú, ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ wo oko rẹ̀ kí wọ́n tó gé e. Kò sọ̀rọ̀. Ọ̀nà náà gùn. Sɛprɛwa nìkan ló kọ́kọ́ ń dún, ó ń rìn bí bàbá ṣe ń rìn. Ohùn Ama bá a pàdé, kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú. Gbogbo gbọ̀ngàn tó ń pariwo dákẹ́. Mò ń retí kí nǹkan mìíràn wọlé, kò wọlé, bàbá ń rìn, ó tún ń rìn, mo rò pé kò ní wọlé mọ́, ìgbà náà ni gìtá kan bọ́ sábẹ́ gbogbo rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ara mi rọ̀. Ó rí bí ìgbà tí ènìyàn bọ́ bàtà tó ti há mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ láti àárọ̀. Fóònù gbọ̀n nínú báàgì mi, mo jẹ́ kó gbọ̀n. Inú mi dùn, ẹ̀yin ará mi. Omi ń bọ́ lójú mi, inú mi sì ń dùn, mo gbọ́ orin, mo gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Alhaja ń fi ìbòrí nu ojú. "Astaghfirullah," ló ń wí, "wọ́n ti jẹ́ kí n sunkún torí kòkó."

Nígbà tí àwọn ènìyàn ń jáde, Táyọ̀ wá bá mi. Mo rí i pé kò wo fíìmù náà rárá, èmi ló ń wò.

"Kí lẹ sọ, Mọ́mì?"

Mo fẹ́ kó tẹ̀ lé mi wálé. Mo ṣì fẹ́ bẹ́ẹ̀ bí mo ṣe ń sọ èyí fún yín, ilé náà dákẹ́ jù fún èmi nìkan. Mo wo ọrùn rẹ̀ tó rí tẹ́ẹ́rẹ́. Mo ní, "Ta ló ní kí gìtá yẹn pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó tó wọlé?"

"Èmi ni. Wọ́n ní ó ti pẹ́ jù. Èmi ni mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"O ṣeun tó o fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ni mo wí. "Padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ. Ṣùgbọ́n máa jẹun."

Asafo, ní ọjọ́ tí mò ń bọ̀

Mo ti wà nínú ọkọ̀, à ń dúró de èrò tó kù, nígbà tí Bàbá Rẹ̀mí pè. Mo gbé e.

"Ìyàwó, ṣé ẹ ti gbéra?"

"A ti fẹ́ gbéra, Bàbá."

"Gbé fóònù fún ọmọ yẹn."

"Kò sí lọ́dọ̀ mi. Ó wà níbi iṣẹ́."

"Irú iṣẹ́ wo?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo sọ ti fóòmù, mo sọ ti fáànù tí wọ́n ń pa, mo sọ ti bàbá arúgbó olókùn. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ló ń dún bí irọ́ létí èmi gan-an.

"Wọ́n ti tan ìwọ náà jẹ," ló wí. "Orin tí ènìyàn ò mọ̀ pé òun ń gbọ́? Ìyàwó, mo bẹ̀ ọ́. Ṣé jìbìtì ni ọmọ yìí ń lù àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Dá mi lóhùn!"

Ó ti fẹ́ pa fóònù. Mo mọ̀ pé tó bá pa á, orúkọ ọmọ mi ti tán nínú ilé yẹn. Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu mi. Mo pa ojú dé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́, orin ọ̀nà oko náà, láìní ọ̀rọ̀, láàrin àwọn èrò tí mi ò mọ̀. Ẹnìkan níwájú yíjú padà wò mí. Mo kọ ti sɛprɛwa, mo kọ ti Ama, nígbà tí mo sì dé ibi tí gìtá ti yẹ kó wọlé, mo dúró. Mo jẹ́ kó pẹ́ bí Táyọ̀ ṣe jẹ́ kó pẹ́. Mo wá bọ́ sí i láti ìsàlẹ̀, mo kọ ọ́ dé òpin.

Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo rò pé ó ti pa fóònù.

"Bàbá, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

Mo gbọ́ ìmí rẹ̀.

"Ṣé Táyọ̀ ló ṣe ìyẹn?"

"Òun ni, Bàbá."

Awakọ̀ ti ń pe àwọn èrò tó kù pé kí wọ́n wọlé.

"Tún un kọ," ló wí.